Bí A Ṣe Ń Múra Ilé Sílẹ̀ fún Títà

Bàbá kan ní Ìbàdàn fẹ́ ta ilé rẹ̀. Ó ra ọ̀dà funfun. Ó fi bo ojú ibi tí òrùlé ń jò sí lára ògiri. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ni ẹni tí yóò rà á dé. Omi ń kán tó, tó, tó sí àárín yàrá. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ jókòó.

Ẹ̀yin ará, páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó ra ọ̀dà. Ẹ gbá àgbàlá. Ẹ la gọ́tà kí omi rọ́nà lọ. Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Bí ìyàwó bá bá ọkọ rẹ̀ wá wo ilé, ibẹ̀ ni yóò yọjú sí, àti ilé ìdáná.

Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára ògiri pé, “Ilé yìí kì í ṣe fún títà,” ẹ má kàn fi ọ̀dà pa á rẹ́. Ta ni ó kọ ọ́? Bí ilé bá jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé títà náà.

Ẹ wá ìwé ilẹ̀ àti pílánì jáde. Ẹ kà wọ́n fúnra yín, ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹ wò ó bóyá orúkọ yín ni ó wà níbẹ̀.