Èéfín Ojú Pópó àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ èéfín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ní Ọbáníkòró, l'Ékòó, lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìdáhùn: Ó lè dá kún un. Èérún èéfín tí ojú kò rí máa ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọ ẹ̀jẹ̀, a sì máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí mọ́ ohun tó ń fa àìsàn tí kì í ràn, bíi tábà àti ọtí. Ẹni tó ń pàtẹ lẹ́bàá Ọ̀nà Ìkòròdú, tàbí tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ń fa èéfín yìí símú láti àárọ̀ dalẹ́, láìṣe ẹ̀bi tirẹ̀ rárá. Iyọ̀, tó ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru bákan náà, wà níkàáwọ́ ẹni: kó má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, magí náà sì wà nínú ìṣirò yẹn. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé.