Dídín Ọṣẹ́ Kù Lẹ́yìn Tí Olè Bá Ti Wọ Sáfà: OpenSSH Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti borí ètò tó ń gba àlejò lórí sáfà. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn. Ètò ni prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ilé alájọgbé olójúlé mẹ́wàá ní Muṣin lè ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ni àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé. Òun náà ni olè yóò kọ́kọ́ dì mú. Bí kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá bá wà ní ìbàdí rẹ̀, ilé bàjẹ́. Bí kò bá ní ju ti géètì lọ, ọṣẹ́ mọ níbẹ̀. Lórí Unix, gẹ́gẹ́ bí àṣà, ètò ní láti ní àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ onílé, kí ó tó lè jókòó sí ojú-ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 1024. Ọ̀pọ̀ kì í sì í dá àṣẹ náà padà. ('Onílé' bá root mu ju 'ọ̀gá' lọ: ọ̀gá lè wà tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan.) Saltzer àti Schroeder sì ti là á kalẹ̀ ní 1975 pé kí ètò má ní ju àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ.

OpenSSH ni àwọn alábòójútó sáfà fi ń wọ ẹ̀rọ wọn láti òkèèrè. Ní 2002, iṣẹ́ Niels Provos pín ètò yìí sí méjì. Apá kékeré di àṣẹ onílé mú, kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ rárá. Apá kejì ń bá àlejò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ, inú àpò òfìfo ni wọ́n sì sé e mọ́. Bí àlejò bá mú ọ̀rọ̀ aṣínà wá, apá kejì yóò bi onílé bóyá òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò gbọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ẹ̀dà 3.3 sọ ìpínyà yìí di àṣà. Kí oṣù tó parí, àṣírí ihò ńlá kan nínú OpenSSH tú. Níbi tí ìpínyà ti wà, àpò òfìfo ni olè ì bá bá ara rẹ̀.

Chroot, tó ti wà láti Unix ẹ̀dà keje ní 1979, ni wọ́n fi ń sé ètò mọ́ àpò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì ní àṣẹ root lè já jáde. Nítorí náà, kí ètò kọ́kọ́ wọ àpò, kí ó wá bọ́ àṣẹ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ó tó bọ́ ti onílé; bí ti onílé bá ṣáájú, kò ní agbára mọ́ láti bọ́ ti ẹgbẹ́.

Àhámọ́ kò lè dáàbò bo ohun tí ètò fúnra rẹ̀ ní àṣẹ láti fọwọ́ kàn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá bá fi èsì ìdánwò sórí sáfà, kí ètò tó ń fi èsì han akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á nìkan. Ètò tí olùkọ́ fi ń tẹ máàkì wọlé yẹ kó dá dúró, kí ẹ̀dà èsì sì wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ọwọ́ ètò méjèèjì kò tó.