Ìlẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́: Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán

Nígbà tí a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi pẹ́ńsùlù ya ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ láti inú fọ́tò, Òyìnbó orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ yà. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ó fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn náà fún Ògògà láàrin 1910 sí 1914. Ambrose ni Òyìnbó náà, ajẹ́lẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán sí Èkìtì. Ẹ wò ó dáadáa: wọ́n gbé e ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Àwọn kan ní kíláàsì ní iyì ni kí a gbé ènìyàn. Àwọn mìíràn ní ẹni tí a gbé kò lè dá lọ. Ti àwọn kejì ni a fara mọ́, nítorí Ògògà jókòó jẹ́ẹ́ lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fìdí múlẹ̀ nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́ igi yìí. Síbẹ̀, àlejò ni ó fi Òyìnbó ṣe. Kò sì gbàgbé àwọn aláàárù tí ó ru ẹrù.

Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pààrọ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ fi ń ya ìlẹ̀kùn ààfin rẹ̀ láti inú fọ́tò.