Bí Ara Ọmọ Tí Wọ́n Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn fún Bá Gbóná

Nínú ọmọ 100 tí a bá bí, nǹkan bí 1 ni ọkàn rẹ̀ máa ń ní àbùkù. Láti ọdún 1974, tí wọ́n ti ṣe é ní Enugu, ni iṣẹ́ abẹ ọkàn ti wà ní Nàìjíríà, alhamdulillah. Ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ sọ, nígbà tí ọmọ bá ti padà sí Ẹdẹ, tó ń sáré kiri àgbàlá, tí gbogbo ilé sì rò pé ó ti parí.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má ṣe sáré ra oògùn ibà àti Ampiclox ní kẹ́mísì. Èmi tí mo ń ta oògùn ló ń sọ ọ́. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́, ẹ̀fọn kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé kòkòrò àìsàn ti gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n tún ṣe nínú ọkàn, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí ọmọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló ń fi í hàn. Bí ọmọ bá ti lo Ampiclox díẹ̀, àyẹ̀wò lè má rí kòkòrò náà mọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ dání.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnu ni kòkòrò yìí ń gbà wọlé, láti ara eyín tó ti jẹrà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fi pákò ṣeré. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ rí i pé ọmọ fọ eyín. Kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà eyín pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un.

Oògùn olómi, síríǹjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ṣíbí ilé kò dọ́gba. Bí ọmọ bá bì í, ẹ má fún un ní òmíràn, ẹ pe ilé ìwòsàn. Èyí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ mu àgbo, kò sì gbọdọ̀ lo ibuprofen.

Egungun àyà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó san. Ẹ má fi apá fà á sókè: ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí, èkejì lẹ́yìn. Kí ẹ tó pọ̀n ọ́n, ẹ bi dókítà. Èyí tó ti ń kírun lè jókòó kí i títí àyà yóò fi san.