Maṣíìnì Ẹlẹ́sẹ̀ Màmá Àgbà

ÌBÉÈRÈ: Màmá wa àgbà ní Ìkirè fi maṣíìnì Singer ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀. Onírin àlòkù fẹ́ fi owó dòdò rà á. Ṣé lóòótọ́ ló ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún? — Òǹkàwé, Àpòmù.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tà á! Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún, nítòsí kẹ̀kẹ́ tí à ń fọwọ́ yí. Ẹ ó rí nọ́ńbà níbẹ̀. Bí lẹ́tà bá ṣáájú nọ́ńbà náà, kò lè dàgbà ju 1900 lọ, torí ọdún náà ni Singer bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà sí i. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, ẹ kú oríire. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un kùn: òdòdó aláwọ̀ wúrà ara rẹ̀, bó tilẹ̀ ti ṣí, ni àwọn tó ń kó wọn jọ ń wò. Bẹ́líìtì awọ tó já kò tó nǹkan. Télọ̀ àgbà á bá yín pààrọ̀ rẹ̀.