Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́

Bí ọmọ ìkókó bá kú, ohun tí àwọn àgbà fi ń kí ìyá rẹ̀ ni pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ náà gbà pé omi dànù lóòótọ́. Kò sọ pé omi ọ̀hún kì í ṣe omi. Ohun tó ń wí ni pé ohun tí a fi ń pọnmi ṣì wà, odò náà kò sì tíì gbẹ. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ó yẹ ká máa fi kí ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ náà, torí àwa Yorùbá kò ní kíkí kankan fún un. Bí èèyàn bá kú, a ó lọ kí wọn kú ará fẹ́ra kù, a ó ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ, a ó ṣe ti ogójì. Bí ìgbéyàwó bá fẹ́ tú, ẹbí méjèèjì á pé jọ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ti ń fẹ́ra bọ̀ láti ọdún mẹ́rin, tí wọn kò tíì ṣe ìdána, bí ọ̀kan bá lọ, báwo la ṣe ń kí èkejì? "Ṣebí kò tíì gbé ọ níyàwó." "Ọkùnrin ló kún ilẹ̀ yìí." Ó dùn mí pé èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Àbúrò mi kan ló là mí lójú. Ó wá bá mi ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan pẹ̀lú báàgì Ghana-must-go kan. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ òun àti ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ọmọkùnrin náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ò ṣe mọ́. Ankara tí ìyá àbúrò mi ti rà fún aṣọ ẹbí ló wà nínú báàgì náà. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó tì mí ní ilé ìdáná, mo sì gbé ẹ̀fọ́ ṣọkọ fún un kó máa bá mi já a. Nígbà tí mo máa wò ó, ewé ló ń jù sínú pàǹtí, igi ẹ̀fọ́ ló ń kó sínú abọ́. Fóònù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá ti tàn báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Ẹlòmíràn ni.

Ó ti wà lórí ahọ́n mi láti sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo gbé e mì. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n a kì í pa á fún ẹni tí iná ṣì ń jó lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iná kú ná. Èyí tí mo rò pé ó bá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mu ni pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Àwọn tó pa á kò ní ká má sunkún. Kí èèyàn sunkún, kó wẹ̀, kó jẹun, kó lọ síbi iṣẹ́.

Ìrora yìí kì í sì í ṣe àsọdùn. Ní 1990, àwọn dókítà kan ní Japan ṣàpèjúwe àìsàn ọkàn kan tó máa ń kọlu ẹni tí ìbànújẹ́ tàbí ìpayà ńlá bá dé bá lójijì. Apá kan ọkàn á wú títí á fi rí bí ìkòkò tí àwọn apẹja wọn fi ń mú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Takotsubo ni wọ́n ń pe ìkòkò náà, òun ni wọ́n sì fi sọ àìsàn náà lórúkọ. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ṣe, ọkàn wọn máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ìkòkò ò fọ́. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dunni gidi, tí èémí ń há, ilé ìwòsàn ni kí á gbà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ni.

Ẹni tó bá ń fojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Inú fóònù la ti ń fojú àná wo òkú báyìí. "Àǹtí mi, ó wà lórí WhatsApp ní aago méjì òru. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?" Kò sí èsì tí mo lè fún un tí yóò jẹ́ kó sùn. Ní 2010, Helen Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó èèyàn 15 tí olólùfẹ́ wọn kọ̀ sílẹ̀ jọ, wọ́n fi àwòrán ẹni tó kọ̀ wọ́n hàn wọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ń ya ọpọlọ wọn. Lára ibi tó ta kìjí nínú ọpọlọ wọn ni ibi tó máa ń ta kìjí bí òùngbẹ kokéènì bá ń gbẹ ẹni tó ti di bárakú fún. Ẹni tó ń yẹ status olólùfẹ́ àná wò kì í ṣe ìròyìn ló ń wá, ó ń tọ́ ọ wò ni. Ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí kì í kó ìgò sábẹ́ ìrọ̀rí. A dí nọ́ńbà ọmọkùnrin náà. Àwọn fọ́tò tí kò lè pa rẹ́, ó kó wọn sí orí flash, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní ọmọkùnrin náà á rò pé òun ń bínú. Mo ní kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Ó sì ń bínú lóòótọ́. Ó ti gba ohùn oníṣẹ́jú mọ́kànlá sílẹ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọkùnrin náà. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó di Sátidé. Lọ́jọ́ náà, èmi àti bàbá wa kékeré la lọ sọ́dọ̀ wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé etí ẹbí, a kì í fi fóònù tú u. A dá òrùka tí ọmọkùnrin náà fún un padà, a sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí lọ́dọ̀ tiwa, pé a kò bá wọn jà. Ìyá ọmọkùnrin náà sunkún. Wọ́n bu omi fún wa, a mu ún, a dìde. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó kù tí àbúrò mi ní láti lọ gbà tàbí láti lọ sọ níbẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni pé kí ẹni náà má dá wà. Ní 1954 tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, ní Abẹ́òkúta, kò gbà pé ká máa ti gbogbo aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ìbátan wọn kan á máa dáná fún wọn, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà sáàárín àwọn tó ń lọ oko, tó ń lọ ọjà. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá gbọ́ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọkùnrin ló ń ṣe èyí jù, torí a ti kọ́ wọn pé akọ kì í ké. Ẹ pè wọ́n wá jẹun. Ẹ má bi wọ́n ní ohunkóhun.

Òwe kan sì wà tí n kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn, pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀sín ìfẹ́ tó dàrú kì í pẹ́. Àdúgbò á rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má bá a jà. Arò wà, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá wà, ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn. Ẹ tẹ̀ lé e débẹ̀.

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ìwẹ̀yìnwò yìí ní àsìkò tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, "kí ni mo ṣe?" nìkan ni èèyàn á máa bi ara rẹ̀, á sì di gbogbo ẹ̀bi rù. Ó tó oṣù kẹta kí àbúrò mi tó lè sọ, láìsunkún, pé láti ọdún kejì lòun ti rí i pé ọmọkùnrin náà kì í mú òun dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí òun sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Láàárín ìgbà náà, ẹnìkan ti wá ń kọnu sí i. Ó ní òun kò tíì ṣe tán. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ní oṣù kọkànlá ló dé, tó ní, "Àǹtí mi, báàgì mi dà?" Abẹ́ ibùsùn la ti fà á yọ. Ó tú ankara náà, ó nà án sí ojú oòrùn bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Kò jẹ ẹ́. A gbé ọ̀pá mẹ́fà nínú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mi ní Mókọ́lá. Télọ̀ fi téèpù wọn ejìká rẹ̀, ó bi í pé ọjọ́ wo ni òde náà, kí òun má bàa já a kulẹ̀. Ó ní kò sí òde kankan. Aṣọ tí òun á máa wọ̀ lọ sọ́jà ni, kó ṣe àpò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.