Kànga Mi Ń Gbẹ, Ti Aládùúgbò Mi Kì í Gbẹ

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀gá onímọ̀ ilẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Bàbá àwọn ọmọ mi ló gbẹ́ kànga inú ọgbà wa kí wọ́n tó ṣaláìsí, ó jìn tó mítà 12. Láti ìgbà òjò títí di Kérésìmesì, omi rẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì máa ń mọ́ lójú. Bí ọyẹ́ bá ti mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tó bá fi máa di ìparí oṣù Kejì, ẹrẹ̀ la máa ń fà jáde. Aládùúgbò mi kan, tí kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí mi, gbẹ́ bọ̀hóòlù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tirẹ̀ kì í gbẹ. Ẹlòmíì ní òdìkejì títì gbẹ́ tirẹ̀ dé mítà 90, eruku ló bá níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé bọ̀hóòlù aládùúgbò mi ló ń fa omi mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ wá, ó ní òun ń rí omi lábẹ́ ilẹ̀, kí n ṣáà mú owó wá. Àbúrò mi tó wà ní Ìkòròdú ní kí ló ń ṣe wá ní Ìbàdàn, pé ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn ni omi ti ń jáde. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ìbejì olóṣù mẹ́rin bọ̀ wálé láìpẹ́, mi ò fẹ́ kí omi wọ́n wa. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àgbà Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú oríire ìbejì. Ọlọ́run á wò wọ́n, á dá wọn sí. Ẹ kú ìrọ́jú bàbá náà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ àbúrò yín bẹ̀rẹ̀, torí ìbéèrè tirẹ̀ ló gbé ìdáhùn tiyín pọ̀n. Iyanrìn àti amọ̀ tí omi gbé wá láti ayébáyé, tí wọ́n tò léra wọn ní ìpele-ìpele, ni Ìkòròdú àti Èkó dúró lé. Àyè wà láàárín hóró iyanrìn kan àti èkejì, ibẹ̀ ni omi òjò ń wọ̀ sí. Ti Ìbàdàn yàtọ̀. Orí àpáta líle ni wọ́n tẹ ìlú wa dó sí, ọjọ́ orí òmíràn nínú àpáta náà sì ju bílíọ̀nù ọdún méjì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí ìyàtọ̀ ilẹ̀ méjèèjì, ẹ lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ẹbí àpáta tiwa ni. Àmọ́ bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé Ẹwékorò, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì lẹ máa bá. Òkun ló kó o jọ síbẹ̀ nígbà kan, karawun ẹ̀dá inú omi ṣì wà nínú rẹ̀ dòní.

Níbo wá ni omi ń gbé nínú ilẹ̀ alápàáta? Bí ẹ bá mú òkúta tí kò tíì jẹrà, tí ẹ rì í sínú omi mọ́jú, tí ẹ wá fi òòlù là á, gbígbẹ lẹ máa bá inú rẹ̀. Àpáta tó ti jẹrà ló ń gba omi. Oòrùn, òjò àti gbòǹgbò igi ti ń jẹ àpáta wa láti òkè wá sísàlẹ̀ fún àìmọye ọdún, ó sì ti di nǹkan mìíràn.

Níbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ bọ̀hóòlù, mo máa ń ní kí àwọn ọmọṣẹ́ kó ohun tí ẹ̀rọ bá ń tú jáde jọ ní òkìtì-òkìtì, òkìtì kan fún mítà kan. Bí ẹ bá rìn gba ẹ̀gbẹ́ àwọn òkìtì yẹn kọjá, gbogbo ìtàn ilẹ̀ náà ló wà níwájú yín. Àwọn àkọ́kọ́ á jẹ́ ilẹ̀ pupa pẹ̀lú yangí. Èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ amọ̀ tó ní àbàwọ́n pupa àti funfun, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bí iyanrìn aláwọ̀ eérú, tó ń dán yẹ́ríyẹ́rí nínú oòrùn. Bí ẹ bá fi ìka méjì fọ́ èérún rẹ̀, á rún sí yín lọ́wọ́, àmọ́ ìlà-ìlà àpáta àtijọ́ ṣì máa hàn lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyẹ̀fun gbígbẹ tó ń fò lẹ́lẹ́ bí èlùbọ́. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ ti dé orí àpáta tí kò jẹrà. Láti ibẹ̀ lọ, àfi ibi tí àpáta bá ti sán nìkan ni omi tún lè wà.

Inú àpáta jíjẹrà yẹn ni kànga bàbá mọ. Kò sí odò kankan tó ń ṣàn lábẹ́ ilé yín, bó ti wù kí àwọn èèyàn máa sọ ọ́ tó. Òjò tó rọ̀ sórí òkè àti ọgbà àdúgbò yín ni ẹ ń mu. Òjò àrọ̀kúrò ti oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ló ń bù kún un kẹ́yìn. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, òjò tó lè rin ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, omi inú ilẹ̀ á sì máa yọ́ lọ sínú àwọn odò kéékèèké, á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lóṣù Kejì, á ti lọ sí ìsàlẹ̀ ju mítà 12 lọ. Omi náà kò sá kúrò nínú ọgbà yín o. Ẹsẹ̀ kànga yín ni kò bá a mọ́.

Bọ̀hóòlù aládùúgbò yín ti kọjá inú àpáta jíjẹrà, ó sì ti bọ́ sí ibi tí àpáta ti sán. Onítọ̀hún ní òdìkejì títì kò bá ibi tó sán pàdé, ohun tó fa eruku nìyẹn. Ní ilẹ̀ tiwa, bí a bá ti ń jìn sí i nínú àpáta líle ni sísán ń dín kù, torí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ń fún un pọ̀. Ó ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n ń gba owó mítà lọ́wọ́ èèyàn nígbà tó ti hàn nínú ìyẹ̀fun yẹn pé kò sóhun tó kù nísàlẹ̀.

Ní ti pé aládùúgbò yín ń fa omi yín, ẹ má ṣe bá a jà kí ẹ tó dán an wò. Ẹ wá ọjọ́ tó ń pọ́ǹpù omi sínú táǹkì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fa omi kànga tiyín lọ́jọ́ náà. Ẹ wọn omi kànga kó tó tan ẹ̀rọ, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí méjì tó bá ń fà á lọ́wọ́, ẹ tún un wọ̀n nígbà tó bá pa á tó sì ti pẹ́ díẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ nígbà tó ń fà á, tó sì gòkè padà lẹ́yìn náà, ilẹ̀ so yín pọ̀ nìyẹn, ẹ lè bá ara yín sọ ìgbà tí kálukú á máa fa tirẹ̀. Bí kò bá yí padà, ọkàn yín á balẹ̀ sí aládùúgbò yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo ti dán an wò, kò yí padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní òun ń rí omi yẹn ńkọ́? Kò sí ẹ̀rọ tó ń rí omi. Ohun tí wọ́n ń lò ni pé wọ́n á gún ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, wọ́n á fi méjì tòde rán iná mànàmáná díẹ̀ sínú ilẹ̀, wọ́n á fi méjì yòókù mọ bí ilẹ̀ ṣe gba iná náà sí. Bí wọ́n bá ń fa ọ̀pá tòde jìnnà síra wọn ni ìmọ̀ wọn ń jìn sísàlẹ̀. Conrad Schlumberger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí lọ́dún 1912, ọgbọ́n gidi sì ni. Àpáta líle kì í jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, àpáta jíjẹrà tó ní omi ń jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n amọ̀ náà ń jẹ́ kó kọjá! Amọ̀ sì ya ahun: ó kún fún omi, kò ní fún yín ní ìkán kan.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ka ẹ̀rọ ní abúlé kan, gbogbo àmì dára, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Amọ̀ la bá. Àwọn obìnrin abúlé ti gbé agbada àti garawa wá, wọ́n dúró yí ẹ̀rọ ká láti àárọ̀. Mi ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe gbé garawa òfìfo wọn padà lọ láìsọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, mi ò ka ẹ̀rọ kí n má kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká, kí n wo kànga mìíràn, kí n sì béèrè ohun tí àwọn agbẹ́kànga bá nísàlẹ̀. Ẹ bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bóyá ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì máa ṣe sọ́fè, ìyẹn ìdánwò ọ̀pá irin yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ ló máa sọ fún yín pé omi wà níbẹ̀. Ẹ san owó sọ́fè lọ́tọ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú kànga bàbá kí ẹ tó ronú bọ̀hóòlù. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà kan, mítà omi kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú rẹ̀ jẹ́ lítà 785, ìyẹn nǹkan bíi garawa onílítà-20 mọ́kàndínlógójì. Bọ̀hóòlù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 16.5 kò lè gbà ju lítà 21 lọ nínú mítà kan: garawa kan péré. Níbi tí omi ti ń sun díẹ̀díẹ̀, kànga fífẹ̀ ń kó o jọ dè yín lóru. Ẹ jẹ́ kí agbẹ́kànga tó mọṣẹ́ fi mítà méjì tàbí mẹ́ta kún un lóṣù Kẹta, nígbà tí omi bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Bí dígà bá ń dún kọ́ọ́ kọ́ọ́, tí kò wọlẹ̀ mọ́, kí wọ́n dúró. Nígbà yẹn ni sọ́fè àti bọ̀hóòlù kàn.

Ẹ dákun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ onípẹtiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti fa omi ibẹ̀ gbẹ. Èéfín rẹ̀ kì í jáde, ó ń pa ẹni tó wà nínú kànga, ó tún ń pa ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti gbà á là. Bí àárẹ̀ bá mú ẹni tó wà nínú kànga tàbí òyì bá ń kọ́ ọ, kó jáde lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì, òun ló sì jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ sọ pé omi yín mọ́ lójú. Kòkòrò àrùn kò ṣeé fojú rí. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ni pé kò gbọdọ̀ sí kòkòrò E. coli kankan nínú mìlílítà 100 omi mímu, torí àmì ìgbẹ́ ni. Ẹ ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu kànga dé ibi sọ́kàwéè yín, àti dé ti aládùúgbò, ẹ sì wo èyí tó wà lápá òkè ibi tí ilẹ̀ dà sí. Bí kò bá tó mítà 30, ẹ ka omi náà sí èyí tó ní àrùn títí àyẹ̀wò á fi sọ pé kò ní. Ẹ sè é kó hó dáadáa. Álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rì ni, kì í pa àrùn.

Ohun kan tún wà tí sísè kò ràn. Náítíréètì ń ti inú ṣalángá àti sọ́kàwéè wọ inú omi kànga. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, bí omi bá sì ṣe ń gbẹ lórí iná ló ń ki sí i. Bó bá ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po wàrà fún lè máa ní ètè àti èékánná aláwọ̀ aró, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbé afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Bó bá jẹ́ ọmú nìkan ni àwọn ìbejì ń mu, wọn kò nílò omi rárá títí wọ́n á fi pé oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ wàrà agolo ni, ẹ má ṣe fi omi kànga pò ó kí ẹ tó gbé omi náà lọ sí ibi àyẹ̀wò. Ẹ ní kí wọ́n yẹ E. coli àti náítíréètì wò, méjèèjì.

Ní báyìí, kí ẹ lè máa wọn omi kànga, ẹ wá okùn ọ̀rá tó lágbára, ẹ ta kókó sí i ní ìdajì mítà-ìdajì mítà, ẹ so òkúta kékeré mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fọ òkúta náà mọ́. Ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ lárọ̀ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi. Bí ẹ bá gbọ́ tó kan omi, ẹ di okùn mú lẹ́nu kànga, ẹ ka kókó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ní Makutapora, nítòsí Dodoma ní Tanzania, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ àpáta jíjẹrà bíi tiwa àmọ́ tí òjò kò tó tiwa, wọ́n kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀ fún ọdún 55. Nígbà tí Richard Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ náà jáde lọ́dún 2013, ó hàn pé kì í ṣe gbogbo ọdún ni omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ń gòkè. Àwọn ọdún díẹ̀ tí òjò ńlá rọ̀ ló fún un ní ọ̀pọ̀ jù nínú omi rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ ìyẹn nínú òjò ọdún kan tàbí méjì. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tiwa, olùkọ́ sì ni yín, ẹ mọ bí a ṣe ń fa ìlà sínú ìwé.

Bí oṣù Kejì bá parí, ẹ fi iye kókó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye ìṣísẹ̀ dé sọ́kàwéè àti èsì àyẹ̀wò omi. Màá bá yín wò ó bóyá kí a fi mítà méjì kún kànga bàbá tàbí mẹ́ta.